Ènì Ọ̀dà Dúdú

Ọwọ́ Tetteh awakọ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ewu ti dé. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú irinṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ dúdú gígùn tó ń wà wọ ọgbà wa láìfọn fèrè. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi sìgá sẹ́nu, ó ṣáná sí i, ṣùgbọ́n iná kò bá ẹnu sìgá pàdé. Ó tún un ṣá, ó tún kùnà. Ọkọ̀ ti dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò dákẹ́.

“Alata,” ó ní, “kí ni ẹ fi sínú ọkọ̀ ọ̀gá mi?”

Mo rẹ́rìn-ín. Alata ni wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá ní Accra, kò sì sí ìbínú nínú rẹ̀ lẹ́nu Tetteh. Ọmọ Gã ni, èèyàn jẹ́jẹ́, a máa ń bá ara wa ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní, “Epo la fi sí i, Ataa Tetteh. Àbí ẹmu lẹ fẹ́ ká rọ sí i?”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní lójú ọ̀nà Tema, bí eré ọkọ̀ ṣe dé ogójì máìlì, ilẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n bí ẹni tí ibà dì mú. Nígbà tó máa fi dé àádọ́ta, dígí tí òun fi ń wo ẹ̀yìn ti já bọ́ sí òun lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá òun wà lẹ́yìn. Ọ̀gá náà pariwo pé kí òun dúró, ó bọ́ sílẹ̀ sínú koríko, ó sì ń wo ọkọ̀ náà bí ẹni tó ń wo ejò. Ó bèèrè ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn. Òun sì ní, àwọn Alata ọ̀nà Darkuman ni.

“Kí ló wá sọ?” ni mo bi í.

“Kò sọ nǹkan kan,” ni Tetteh wí. “Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.”

Ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tí ẹ jókòó yìí, ó ṣòro kí ẹ tó mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. N kò ní dárúkọ ọ̀gá náà. Ó ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé, ẹyin sì lohùn. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé àgbà ìjọba ni, àti pé ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira ni. Ọjọ́ òmìnira, àwa náà jó. A jó títí bàtà fi já. Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà ti ń yí àwọ̀ padà nígbà tí mò ń sọ yìí. Wọ́n ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àwọn kan ń wá ẹ̀mí àwọn àgbà ìjọba. Wọ́n lè mú èèyàn lórí ìfura lásán, kó má rí ilé ẹjọ́, kí ọdún sì máa gorí ọdún. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìlú ni wọ́n mú, ẹbí rẹ̀ a mọ ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò ti lọ bẹ̀bẹ̀. Àwa ńkọ́? Àlejò ni wá nínú ilé tí wọ́n ti bí àwọn mìíràn nínú wa. Ní Accra ni wọ́n bí èmi, ibẹ̀ ni mo ti ka ìwé dé kíláàsì keje, síbẹ̀ Alata ni mí.

Ọgbà tí mò ń wí yìí, tí ẹ bá lọ síbẹ̀ lónìí, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Ilé ti kún ibẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ń lé ara wọn. Nígbà náà koríko ni, igi máńgòrò méjì, páànù tí a fi bo orí, àti kòtò tí a gbẹ́ tí a fi ń wo abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀gá Sàlámì ló ni ín. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó bá àbúrò bàbá rẹ̀ wá sí Accra láti ta aṣọ, aṣọ kò wọ̀ ọ́ lójú, ó bá lọ ń tẹ̀lé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù káàkiri títí tó fi di fítà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Gánà, fítà. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ràmátù, ló wá ń ta aṣọ ní ọjà Makola. Àwa mẹ́rin la wà nínú ọgbà náà, pẹ̀lú Ọ̀gá. Èmi ti kọ́ṣẹ́ parí, mo ti gba òmìnira iṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni bí a ṣe ń gbọ́ ọkọ̀. Lónìí, bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ ó ní kí olówó rẹ̀ lọ ra táyà. Bí ó bá tún ń gbọ̀n, kó lọ ra ohun tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró. Bí kò bá tíì sinmi, ẹ ó tún pààrọ̀ òmíràn, ẹ ó máa pààrọ̀ títí gbígbọ̀n náà yóò fi sú ara rẹ̀. N kò bú yín. Irin wà níta rẹpẹtẹ báyìí. Nígbà tiwa, kò sí. Ẹni tí kò ní irin tí yóò pààrọ̀ gbọ́dọ̀ ní etí tí yóò fi gbọ́.

Ọ̀gá Sàlámì a máa wí pé ọkọ̀ kì í purọ́, ẹnu rẹ̀ ló pọ̀. Iṣẹ́ fítà ni kó bi í ní ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pá igi kan wà tí a máa ń fi orí rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, a ó fi orí kejì sétí, ohùn yóò sì gba inú igi wá bí ẹni pé ọmọ kan ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ó bá sì jẹ́ abẹ́ ọkọ̀ ló ń pariwo, a ó ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, ẹnì kan yóò wa ọkọ̀, Ọ̀gá yóò sì dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, yóò fi etí òsì lé ilẹ̀ irin. Etí òsì ni ṣáá. Ó ní, “Etí ọ̀tún wà fún èèyàn, etí òsì wà fún irin.” Àwọn èrò ojú ọ̀nà a rí i bó bá dìde lójijì, eruku lẹ́rẹ̀kẹ́, wọn a ní òkú ló jí.

Ní ọdọọdún, kí àwọn Gã tó ṣe ọdún Homowo wọn, oṣù kan wà tí wọ́n máa ń fòfin de ariwo nínú ìlú. Kò sí ìlù, kò sí ìpariwo, àwa náà a fi àkísà di orí òòlù. Àwọn fítà mìíràn a máa kùn. Ọ̀gá tiwa a dunnú. “Oṣù etí dé,” ni yóò wí. Gbogbo ọkọ̀ tó ní àìsàn tó farasin, inú oṣù náà ló máa ń fi wọ́n sí. A ó gbọ́ bí ẹyẹ ṣe ń tẹ orí páànù. Ẹ sọ fún mi, ibo lẹ ti lè gbọ́ irú ìyẹn ní Accra lónìí? Ariwo ti mu ìlú yó.

Ohun kejì ni ènì. Ẹ mọ ènì lọ́jà: bí o bá ra gààrí, alágààrí yóò bu díẹ̀ lé e. Àwọn ará ibẹ̀ ní ti wọn, ntoso ni wọ́n ń pè é. Nínú ọgbà wa, a ní ènì tiwa. Ọkọ̀ kankan kì í jáde láìjẹ́ pé a fi ohun kan lé iṣẹ́ tí wọ́n gbé wá. A lè fi girisi sí ilẹ̀kùn tó ń han, a lè rán ìjókòó tó ya. Èmi, ọ̀dà ni ènì tèmi. Mo fẹ́ràn kí n máa kun nǹkan. Wọ́n sọ mí ní Akùnlé nítorí rẹ̀. Nígbà òmìnira, èmi ni mo ya ìràwọ̀ dúdú inú àsíá Gánà sára ọkọ̀ akẹ́rù bí ogún, n kò gba nǹkan kan. Agolo ọ̀dà dúdú tó ṣẹ́ kù, mo tọ́jú rẹ̀.

Tetteh gbé ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa nínú oṣù etí ọdún yẹn. Ìró kékeré kan ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Sàlámì fi etí lé e, ó ní oríkèé ṣáàfù ti jẹ. Ṣáàfù ni irin gígùn tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ó ní oríkèé lórí méjèèjì, bí ìgbọ̀nwọ́. Ó sì pín sí méjì ní àárín, ọ̀kan wọnú ìkejì, eyín irin ló di wọ́n mú. Ní ọjọ́ kejì, mo tú u, mo pààrọ̀ oríkèé tó jẹ. Tetteh wá dúró tì mí. Ó ní, “Akùnlé, Homowo ń bọ̀. Bá mi ṣe é kó dára. Ntoso mi dà?”

Mo fọ ṣáàfù náà, mo kùn ún lọ́dà dúdú láti orí dé ìdí. Ó ń dán bí irun orí ìyàwó. Ọjọ́ Sátidé nìyẹn. Nígbà tó gbẹ, mo ki ọ̀kan bọ inú ìkejì, mo dè é. Ọ̀dà ṣì wà lábẹ́ èékánná mi ní ọjọ́ Ajé tí ọwọ́ Tetteh ń gbọ̀n.

Kí oòrùn tó dé àtàrí, àwọn ọlọ́pàá dé. Kópùrà kan ló ṣáájú wọn, ọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í gbé ohùn sókè.

“Ta ló tún ọkọ̀ yìí ṣe?”

Ọ̀gá Sàlámì jáde láti inú kòtò, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. “Èmi ni.”

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo tún pa á dé.

“Ìwọ nìkan?” ni Kópùrà bi í.

“Ọgbà mi ni, sà. Ohun tó bá jáde níbí, èmi ni mo ṣe é.”

Òfin iṣẹ́ wa ni. Ọ̀gá ló ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ tó dára, òun náà ló ń jẹ́ orúkọ èyí tí kò dára. Kópùrà wá sọ ohun tí wọ́n rán an. Ó ní àgbà ìjọba náà fún wa títí di ọjọ́ Jímọ̀. Bí a bá rí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà, tí a fi han wọ́n, tí ọkọ̀ sì rìn láìgbọ̀n, ọ̀rọ̀ tán. Bí a kò bá rí i, a jẹ́ pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti pa á ni. Bàbá yìí yóò lọ sẹ́wọ̀n tí kò ní ọjọ́ ìpadà, àwa yòókù yóò gba ọ̀nà ìlú wa.

Wọ́n mú un. Nígbà tí wọ́n ń gbé e gun ọkọ̀, ó wẹ̀yìn wo ọwọ́ mi. Mo rò pé sípánà tí mo dì mú ló ń wò. Ó ní, “Bi ọkọ̀ náà ní ìbéèrè. Ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan.”

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti kó aṣọ wọn lọ. N kò dá wọn lẹ́bi. Bí mo bá rí ibi tí mo lè sá sí, èmi náà ì bá ti lọ. Ó wá ku èmi, Tetteh tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, àti ọlọ́pàá ọ̀dọ́ kan tí wọ́n fi ṣọ́ wa, tó jókòó lórí àpótí lábẹ́ máńgòrò, tó ń jẹ kẹ́nkè àti ẹja díndín. Bí mo bá ti wọlé sábẹ́ ọkọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ wò mí. “Fítà, o ti rí bọ́ǹbù náà?” ni yóò bi mí, yóò sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò kọ́kọ́ wo ṣáàfù. Nítorí pé èmi ni mo dè é. Ìdáhùn náà nìyẹn, n kò ní òmíràn. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ohun mìíràn.

Mo kọ́kọ́ bi ẹ́ńjìnnì. Tetteh jókòó sídìí ọkọ̀ láìrìn, ó ń tẹ iná mọ́ ọn, èmi fi ọ̀pá igi sétí. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ló jẹ̀bi, yóò gbọ̀n bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró sójú kan. Kò gbọ̀n. Ó ń mí bí ọmọ tó sùn. Ìgbà kan wà tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ì bá múnú mi dùn. Lọ́jọ́ náà, mo tún fi ọ̀pá sétí, mo fẹ́ kó jẹ̀bi, nítorí n kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a mú un lọ sí ọ̀nà Tema. Nígbà tó dé ogójì, gbígbọ̀n náà dé, ó ti ilẹ̀ gba ìjókòó wọ eyín mi. Mo ní kí Tetteh tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kó yọ gíà, kó jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n Ọ̀gá ni: bí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró, iwájú ni kó o wò, bí kò bá dáwọ́ dúró, ohun tó ń yí lẹ́yìn gíà ló ń ṣe é.

“Ó dáwọ́ dúró?” ni Tetteh pariwo.

Kò dáwọ́ dúró.

“Kí nìyẹn túmọ̀ sí?”

“Ó túmọ̀ sí pé ká padà sílé,” ni mo wí.

Ní ọjọ́rú, mo pààrọ̀ àyè àwọn ẹsẹ̀, mo gbé ti iwájú sẹ́yìn, ti ẹ̀yìn síwájú. Bó bá jẹ́ táyà ló ń ṣe é, gbígbọ̀n yóò bá a ṣí lọ. Kò ṣí lọ. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan ń dá ẹnì kan láre, ó sì ń sún mọ́ ọwọ́ mi.

Ọjọ́ náà ni Ìyá Ràmátù yà lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ, ó ti àgọ́ ọlọ́pàá bọ̀. Wọn kò jẹ́ kó rí ọkọ rẹ̀. Kò lọ sí Makola láti ọjọ́ Ajé.

“Mo gbọ́ pé wọ́n gbá a létí,” ó ní. “Wọ́n ní wọ́n bi í pé ta ló rán an, ó ní Ọlọ́run ló rán òun wá sáyé. Ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ọlọ́pàá sọ nìyẹn?”

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀.”

“Ọkàn wo? Ìwọ, sọ òótọ́ fún mi. Ta ló de ọkọ̀ yẹn? Bàbá Ràmátù kò wọ abẹ́ ọkọ̀ kankan ní Sátidé, ilé ìkómọ la jọ wà.”

Mo wo abọ́ ọwọ́ rẹ̀.

“N kò mọ̀, Màmá,” ni mo wí.

Ó gbé oúnjẹ náà fún mi. “Jẹ ẹ́,” ó ní. “Ẹni tí mo sè é fún kò rí i jẹ.” Mo jókòó, mo jẹ ẹ́ níṣojú rẹ̀.

Ní ọjọ́bọ̀, mo ká kápẹ́ẹ̀tì, mo dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá ti máa ń ṣe. Ìlú dákẹ́ nítorí òfin oṣù etí. Tetteh ń wa ọkọ̀ lọ, mo fi etí lé irin. Ọ̀gá ti kọ́ mi pé bí ó bá lù lẹ́ẹ̀kan ní yíyí kan, ìwúwo ṣáàfù ni kò dọ́gba, ó tẹ̀ tàbí ohun kan ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá lù lẹ́ẹ̀mejì, oríkèé ni kó o bi. Mo pa ojú dé. Méjì. Méjì. Méjì.

A padà sọ́gbà, mo fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, mo di ṣọ́ọ̀kì mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáàfù bó ṣe ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ó bá tẹ̀, apá kan rẹ̀ nìkan ni ṣọ́ọ̀kì yóò kàn. Ṣọ́ọ̀kì ya òbìrìkìtì funfun yí i ká, kò fo ibì kankan. Ṣáàfù kò tẹ̀. Oríkèé tuntun ni. Kò sí ibi tí mo tún lè sá sí mọ́.

Mo mú ọ̀bẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí ha ọ̀dà. Ibi tí ọ̀kan ti wọnú ìkejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ máa ń fi irin gbẹ́ àmì kékeré síbẹ̀, ọfà méjì tó gbọ́dọ̀ dojú kọ ara wọn, kí oríkèé méjèèjì lè máa tẹ̀ pa pọ̀. Bí eyín irin kan ṣoṣo bá yẹ̀, ọ̀kan yóò máa fà bí ìkejì ti ń tì. Lójú, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Bóòtì yóò le dáadáa, irin yóò máa dán. Ọ̀dà jábọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ọfà kan yọjú. Mo ha ìkejì. Ìbú ìka kan ló wà láàárín wọn.

Ìràwọ̀ òmìnira ni mo ra ọ̀dà yẹn fún. Ènì mi ló bo ojú ọfà.

“Kí lo rí?” Tetteh ti dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ọlọ́pàá má baà gbọ́.

Mo fi hàn án. Ó lóye kíákíá, awakọ̀ àgbà ni.

“Ta ló kùn ún?” ó ní. Lẹ́yìn náà ó fúnra rẹ̀ rántí ohun tó bèèrè lọ́wọ́ mi, ó pa ojú dé. “Ao! Ntoso mi.”

A wà lábẹ́ ọkọ̀ náà, àgbàlagbà méjì, a kò lè wo ara wa lójú. Bí mo bá yí eyín náà padà láìsọ, ọkọ̀ yóò dára, ṣùgbọ́n a kò ní ohun tí a ó fi han Kópùrà. Bí a bá sì fi ọfà hàn wọ́n, wọn yóò bèèrè ẹni tó bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ méje ni Tetteh bí. Èmi, ẹ̀rù ló bí mi.

Òun ló kọ́kọ́ gbà. “Èmi ni màá sọ fún ọ̀gá mi,” ó ní. “Màá ní èmi ni mo ní kí wọ́n kùn ún. Òótọ́ ni. Bó bá lé mi, ó lé mi.” Ó ń retí pé kí n sọ gbólóhùn kan. N kò sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá ń kọ: n kò sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Kópùrà wá. Mo fi ọfà méjèèjì hàn án, bí wọ́n ti yẹ̀ síra. Mo tú ṣáàfù, mo mú wọn dojú kọ ara wọn níwájú rẹ̀, mo dè é. Ó bu omi kún ife títí dé ẹnu, ó gbé e fún ọlọ́pàá ọ̀dọ́ náà pé kó gbé e lé ilẹ̀ ọkọ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní bí ó bá dà nù, kí gbogbo wa mọ ibi tí à ń lọ. A gba ọ̀nà Tema. Ọgbọ̀n. Ogójì. Àádọ́ta. Ọlọ́pàá ọ̀dọ́ náà kò rẹ́rìn-ín mọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí ife. Nígbà tí a yí padà, ó fọwọ́ kan ṣòkòtò rẹ̀. Ó gbẹ. Ó gbé ife náà, ó mu omi inú rẹ̀ tán.

Wọ́n dá Ọ̀gá Sàlámì sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Àgbà ìjọba náà kò sọ pé a ṣe dáadáa, kò sọ pé a ṣe búburú. Tetteh sọ ti ọ̀dà náà fún un bó ti wí, wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa wa ọkọ̀ tó ń kó ẹrù. Àwa ni tiwa, wọ́n ní kí èmi àti Ọ̀gá máa wá fara hàn ní àgọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kò sì sẹ́ni tó sọ ọjọ́ tí yóò parí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọgbà kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọlọ́pàá, ta ló fẹ́ gbé ọkọ̀ wá síbẹ̀? Koríko bẹ̀rẹ̀ sí hù nínú kòtò wa.

Ọjọ́ kẹta tí Ọ̀gá dé ni mo mọ̀. Mo pè é láti apá òsì, kò dáhùn. Mo ju sípánà sílẹ̀ lápá ibẹ̀, kò yíjú. Etí tó wà fún irin ti lọ. Ó kàn ń yí ọrùn, bí ẹyẹ, kí ọ̀tún lè gbọ́.

Mo ní kí n jẹ́wọ́. Ó jókòó lábẹ́ máńgòrò, ó ń bó ọsàn. Mo rìn lọ bá a, mo jókòó tì í. Apá òsì ni mo jókòó sí. Ẹ má bi mí bóyá ẹsẹ̀ mi ló mú mi síbẹ̀ àbí ọkàn mi. Mo ní, “Ọ̀gá, èmi ni mo kun ṣáàfù náà. Èmi ni mo dè é. Èmi ni.” Mo sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́. Ó ń bó ọsàn rẹ̀ lọ. Ó fún mi ní ìdajì.

Òfin ariwo kúrò, Homowo dé, ìlú bú gbàmù. Àwọn Gã ń da oúnjẹ kpokpoi sílẹ̀ fún àwọn baba wọn, wọ́n ń fi ebi tó kọjá ṣẹ̀sín. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn tó ń jó, ó kọ etí ọ̀tún sí wọn. N kò rí ẹni tó dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láàárín èrò.

A ń lọ sí àgọ́ náà. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, a ṣì ń lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, a ó dúró níwájú tábìlì, wọn a wò wá, wọn a fi àmì sínú ìwé, a ó padà. Bí mo bá gbọ́ pé ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé mi, àyà mi a já. Ó ṣì ń já títí di òní. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ kò lè mọ bí inú kòtò ti tutù tó.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Kópùrà nìkan la bá nídìí tábìlì. Ó ṣí ìwé, ó wo orúkọ wa, ó fa ìlà gbọọrọ kan gba orí wọn kọjá. “Ẹ má wá mọ́,” ó ní. Ọ̀gá ní, “Sà?” Ó tún un sọ sókè: “Mo ní ó ti tán. Ẹ máa lọ.” Kò sí ìwé, kò sí ẹ pẹ̀lẹ́.

A jáde sí oòrùn. A rìn títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Kaneshie, èmi ní apá òsì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń rìn láti ìgbà náà. Ó dúró.

“Bọ́ sí ọ̀tún mi,” ó ní.

Mo bọ́ síbẹ̀.

“Sọ ohun tó o sọ lọ́jọ́ tí mò ń bó ọsàn.”

Mo sọ ọ́. Lọ́jọ́ náà mo gbọ́ ohùn ara mi.

“Mo mọ̀, Akùnlé,” ó ní. “Bí Tetteh ṣe ní ogójì máìlì ni mo ti fura sí ṣáàfù. Nígbà tí mo wo ọwọ́ rẹ, mo rí ọ̀dà lábẹ́ èékánná.”

“Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wọn?”

“Kí n sọ pé ṣáàfù ni, kí wọ́n bi mí pé ta ló kùn ún? Àwọn tí inú ń bí lọ́jọ́ Ajé yẹn? Ìwọ ì bá má padà. Tèmi, etí kan ló lọ.” Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí agbádá. “Mo mọ̀ pé wàá gbọ́ ọ. Èmi ni mo kọ́ ẹ.”

A tún rìn díẹ̀. Ó ní, “Ṣùgbọ́n ènì ti tán nínú ọgbà wa. Ohun tí wọ́n bá gbé wá ni ká ṣe. Ẹ má fi nǹkan kan lé e mọ́.”

“Ẹ̀n, Ọ̀gá,” ni mo wí.

Mo fà sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tí òkúta wọ bàtà rẹ̀, mo sì bọ́ padà sí apá òsì, níbi tí kò ti ní gbọ́ ẹkún mi.